ÌKỌ́ṢẸ́ LẸ́NU Ẹ̀KỌ́: OHUN TÍ OṢÙ MẸ́RIN NÍ ILÉ ÌṢÒWÒ KỌ́ MI

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò rìn jìnnà rárá. Oṣù mẹ́rin péré ni mo lò ní ilé ìṣòwò kan ní ìlú Ìbàdàn, nígbà tí mo ṣì wà ní pólì, kí n tó gba ọ̀nà Direct Entry wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí olóòtú ìwé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ nǹkan sínú ti ọdún yìí, mo ní kí ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa oṣù mẹ́rin náà, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni yóò lọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láìpẹ́, àwọn tí wọ́n sì ti lọ tí wọ́n dé kì í sọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ọmọ Ìṣirò Owó ń wá nínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ìdáhùn mi kò le. Ọmọ ẹgbẹ́ ni mí, òwò ṣíṣe kò sì ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní lẹ́jà ni àwọn ìyá wa ti mọ iye tí wọ́n ra ọjà, iye tí wọ́n tà á, èrè tí ó wà lórí rẹ̀ àti iye tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n ní àwìn. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ ogójì ènìyàn lójúmọ́, kò sì ní ṣi ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fẹ́ sọ.

KÍ NI ÌKỌ́ṢẸ́ LẸ́NU Ẹ̀KỌ́?

Ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kíláàsì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tí òun ń kà nínú ìwé, kí ó fi ojú rí i, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní IT. Orúkọ tí ìjọba fún un ni SIWES.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé iṣẹ́ kíkọ́ tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Bí òbí bá fẹ́ kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, káfíńtà tàbí mẹkáníìkì, yóò mú ọmọ náà lọ bá ọ̀gá. Wọn yóò ṣe àdéhùn iye ọdún tí yóò lò àti iye owó tí wọn yóò san, ẹlẹ́rìí yóò sì wà níbẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ yóò máa gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò máa jíṣẹ́, yóò máa gbọ́ èébú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò wà lára ọwọ́ ọ̀gá. Nígbà tí ọdún bá pé, wọn yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Ọ̀gá yóò wúre fún un, yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ohun mẹ́ta ló gbé irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ró: àdéhùn, ojú ọ̀gá, àti ọjọ́ ìyọ̀ǹda.

Ètò tiwa náà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi rán wa ni àdéhùn. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi wá sí abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gá. Ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n bá buwọ́ lù ni ìyọ̀ǹda. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Ọ̀gá télọ̀ mọ̀ pé orúkọ òun ni ọmọ-iṣẹ́ yóò máa gbé kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má rí ara wọn mọ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

BÍ ÈTÒ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Kì í ṣe Nàìjíríà ni a ti kọ́kọ́ ronú pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa pín ọdún rẹ̀ láàárín kíláàsì àti ibi iṣẹ́. Ní ọdún 1906, Herman Schneider, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí ó rí ni pé ìmọ̀ kan wà tí olùkọ́ kò lè kọ́ ni nínú yàrá ìkàwé, bí ó ti wù kí olùkọ́ náà gbọ́n tó.

Ní ilẹ̀ wa, ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ní 1971, ìjọba ológun fi òfin kẹtàdínláàádọ́ta ọdún náà dá Àjọ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ITF, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Ní 1972, òfin mìíràn jáde tí ó ní kí àwọn àjèjì fi ọ̀pọ̀ òwò sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí yóò gba òwò lọ́wọ́ àjèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1973 ni ITF dá ètò SIWES sílẹ̀, nítorí pé àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tí ó ń jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́.

Ètò náà ti bọ́ sí ọwọ́ oríṣiríṣi. Owó ṣíṣe é wọ ITF lọ́rùn, nígbà tí ó sì di 1979, ó bọ́ sí ọwọ́ àjọ NUC tí ó ń mójútó yunifásítì àti NBTE tí ó ń mójútó pólì. Ní 1985, ó padà sí ọwọ́ ITF, ìjọba àpapọ̀ sì ń fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní 2011, wọ́n tún òfin ITF ṣe: ilé iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ó ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún sí àpò àjọ náà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì kan kì í ṣe alágbe. Ètò tí òfin mọ̀ sí ló gbé e dé ibẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí ọmọ ẹ̀rọ ń lò, àwọn ti pólì sì ń lo oṣù mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ òwò àti ti ìṣirò owó ní pólì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí ND tí ó sì fẹ́ kà á dé HND yóò tún lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́.

OHUN TÍ MO BÁ NÍBẸ̀

Ilé ìṣòwò tí mo lọ ń ra ọṣẹ, mílíìkì àti ṣúgà ní ọ̀pọ̀ páálí, wọ́n sì ń tà á fún àwọn alátẹ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ mi ni kí n lọ ra ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn ọ̀gá, kí n lọ ṣe fọ́tókọ́pì, kí n sì gbá ọ́fíìsì. Inú bí mi. Mo ní, ṣé torí èyí ni mo ṣe ka dẹ́bíìtì àti krẹ́díìtì? Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, níbi tí ó yẹ kí n kọ iṣẹ́ ojúmọ́ sí, n kò mọ ohun tí n ó kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wà ní ibòmíràn ní kí n ṣe bí òun ti ń ṣe: kí n ṣí ìwé kíláàsì, kí n da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Mo ṣe é fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ojú tì mí.

Màmá kan wà ní ilé ìkẹ́rùsí, gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n ní Màmá Sítọ́ọ̀. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wá ràn yín lọ́wọ́ bí mo bá ti ra oúnjẹ tán.” Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Akọ̀wé, erùpẹ̀ á ba aṣọ yín jẹ́ o.” Láti ọjọ́ náà ni ìkọ́ṣẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni káàdì ẹrù. Oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ibi tí ọjà náà wà. Ìlà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì lórí rẹ̀: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù. Bí 180 páálí bá wà nílẹ̀, tí 120 wọlé, tí 88 jáde, 212 ni yóò kù. Ẹni tí ó ń tọ́jú káàdì kì í ṣe ẹni tí ó ń kọ lẹ́jà ní ọ́fíìsì, nítorí pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń kọ méjèèjì, kò sí ẹni tí yóò rí àṣìṣe rẹ̀ tàbí olè rẹ̀. Mo ti kà á nínú ìwé rí, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí rẹ̀ títí mo fi jókòó lórí páálí ọṣẹ.

Lẹ́yìn èyí, akáńtáńtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí sí iṣẹ́ báńkì. Ní ìparí oṣù, ìwé owó tiwa ní ₦640,000 ló yẹ kí ó wà ní báńkì, ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ sì ní ₦655,000. Mo rò pé báńkì ṣìṣe. Akáńtáńtì ní kí n wò ó dáadáa. Sọ̀wédowó ₦18,000 kan wà tí a ti kọ fún ẹnì kan, tí onítọ̀hún kò tíì mú lọ sí báńkì. Báńkì sì ti yọ ₦3,000 fún iṣẹ́ wọn, èyí tí àwa kò tíì kọ sílẹ̀. Fi 18,000 kún 640,000, yọ 3,000 kúrò, ó di 655,000 géérégé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé mo jẹ tẹ́tẹ́. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọ́ mi ní nǹkan. Ohun tí ó tẹ̀lé e ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

ÌWÉ PÉLÉBÉ INÚ AGOLO

Ní oṣù kẹta, a ka ẹrù. Káàdì ọṣẹ kan ní 212 páálí ló kù. A kà á, ó jẹ́ 197. A tún un kà, 197 náà ni. Páálí 15 ti wọ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, akáńtáńtì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Káàdì tuntun kan wà lórí tábìlì. Ó ní kí n da ti àtijọ́ kọ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n fi 103 sí ibi tí 88 wà, kí ìyókù lè bá ohun tí a kà mu. Ó ní èmi ni kí n kọ ọ́ nítorí pé ìkọ̀wé mi dára. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìkọ̀wé. Èmi ni n ó lọ lẹ́yìn oṣù kan, kò sì sí ẹni tí yóò wá mi bí ọ̀rọ̀ bá dìde. Ìwé àkọsílẹ̀ mi àti fọ́ọ̀mù ITF tí ó gbọ́dọ̀ buwọ́ lù wà lórí tábìlì kan náà.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́ fún yín. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ó lè jẹ́ pé n ó tún oṣù mẹ́rin ṣe, owó ọkọ̀ tí ìyá mi fi ń rán mi kò sì tó nǹkan. Ní apá kejì, bí mo bá kọ ọ́, yóò dà bí ẹni pé Màmá Sítọ́ọ̀ kó 15 páálí jáde láìsí ìwé, owó oṣù wọn ni wọn yóò sì gé. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo lè kọ ohun tí a kà lónìí sí déètì òní, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 15 dín. N kò lè kọ ti òní sí ti oṣù tó kọjá.” Ó ní, “Ìwọ ọmọ IT, ta ló bi ọ́ léèrè òfin?” Ó ní kí n jáde.

Mo lọ sọ fún Màmá. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé agolo mílíìkì kan sílẹ̀ láti ẹ̀yìn páálí, wọ́n dà á sílẹ̀: gbogbo ìwé pélébé tí wọ́n fi gba ẹrù lọ́wọ́ wọn láti ọdún kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tí kò mọ̀wé púpọ̀ ní í tọ́jú ìwé.” A jókòó, a tò wọ́n ní déètì déètì, a ń fi wọ́n wé káàdì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a rí méjì tí kò sí lórí káàdì: 10 páálí àti 5 páálí. Ní alẹ́, nígbà tí Màmá ti lọ sílé, ni wọ́n kó wọn fún oníbàárà kan ní àwìn. Ọmọ tí ó ń ran Màmá lọ́wọ́ ló ju ìwé náà sínú agolo, kò sì sọ. Ọwọ́ akáńtáńtì fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ méjèèjì. Kò kọ risíìtì, kò kọ gbèsè náà sínú lẹ́jà.

Màmá fúnra wọn ló kó ìwé méjèèjì lọ bá ọ̀gá àgbà. Ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá náà, n kò gbọ́. A kò gé owó oṣù Màmá. Akáńtáńtì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ títí mo fi lọ. Ó buwọ́ lu ìwé mi ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó yẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sí ibi tí ó ti yẹ kí ó sọ nípa iṣẹ́ àti ìwà mi: “Ó gbìyànjú.” Máàkì C ni mo gbà. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ń da ìwé kíláàsì kọ gba A. Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí C mi ra A. Àwọn kan wà tí wọ́n ń san owó fún ilé iṣẹ́ kí wọ́n lè buwọ́ lu ìwé fún oṣù mẹ́fà tí wọn kò dé ibẹ̀ rí. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti san owó kí a má bàa kọ́ òun ní iṣẹ́. Ẹ tètè wá àyè, kí ìsinmi tó dé. Ẹ mú lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ibi púpọ̀, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé ìṣòwò kékeré. Ní ilé ńlá, ó lè jẹ́ pé fáìlì kan ṣoṣo ni ẹ ó máa gbé kiri, ní ti kékeré, ẹ ó rí bí ọjà ti ń wọlé títí yóò fi di owó. Bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ oúnjẹ, ẹ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè pé kí ló kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ìwé àkọsílẹ̀ yín lójoojúmọ́, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe gan-an. Bí gbígbá ilẹ̀ ni, ẹ kọ gbígbá ilẹ̀. Kí ẹ sì mọ ibi tí ọ́fíìsì ITF tó sún mọ́ yín wà, kí ẹ tó nílò rẹ̀.

Èyí kò kan ọmọ ìṣòwò nìkan. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ èdè Yorùbá náà lè lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, ilé ìtẹ̀wé tàbí ilé ìpolówó ọjà, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí ó mọ Yorùbá kọ tí àmì ohùn rẹ̀ kò sì ṣì.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ ni mo fi sọ èyí. Olùkọ́ tí ó wá wò mí lo ogún ìṣẹ́jú. Ó bá akáńtáńtì sọ̀rọ̀, ó wo ìwé mi bóyá ó mọ́, ó lọ. Kò bi mí pé kí ni mo rí. Bí ó bá bi mí ní ìbéèrè kan péré nípa káàdì ẹrù, ìbá mọ̀ bóyá mo kọ́ iṣẹ́ tàbí n kò kọ́. Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, owó ọkọ̀ kò sì tó. Síbẹ̀, ẹ má fi gbogbo máàkì náà sí ọwọ́ ẹnì kan tí ó lè ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá dúró níwájú yín, kí ó ṣàlàyé ohun kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo ń lọ, mo lọ dágbére fún Màmá Sítọ́ọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n wúre fún mi bí ọ̀gá télọ̀ ti ń wúre fún ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù. Wọ́n wá fún mi ní agolo mílíìkì kan tí ó ṣófo. Ó wà lórí tábìlì mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì di òní olónìí. Gbogbo risíìtì mi ni mo ń kó sínú rẹ̀.